Gbígba Ẹ̀gbẹ́ Àbùkù Kọjá: Ohun tí a ó ṣe nígbà tí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń dákú lórí Linux

Bí kọ̀ǹpútà yín, ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá tí kò sùn tí kò wo, tí ń gbé fáìlì fún gbogbo ilé iṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, bá ń já kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójijì, tí ó sì tún ń padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ bí ẹni pé nǹkankan kò ṣe é, tí ẹ bá sì ṣàkíyèsí pé ìgbà tí ẹrù bá pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ ni ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé orí ìwé yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Káàdì tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni káàdì gígábíìtì ti Intel tí e1000e jẹ́ dírẹ́bà fún lórí Linux, ìyẹn ètò inú kernel tí ń bá káàdì náà sọ̀rọ̀. Lára wọn ni 82574L, I217, I218 àti I219, tí wọ́n wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àti nínú sáfà kéékèèké.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun: àbùkù tí ó wà nínú irin kò ṣe é fi ètò wò sàn. Gbogbo ohun tí ètò lè ṣe ni kí ó yẹra fún iṣẹ́ tí káàdì náà kò lè ṣe láìdákú, kí ó sì gbé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ tí ó kéré jù lọ, tí ó ṣe é yí padà, tí a sì ti fojú ara wa rí i pé ó ṣiṣẹ́, ni kí a máa yàn, kì í ṣe èyí tí ó le jù. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fagbára mú ní í le koko.

OHUN ÈLÒ TÍ Ẹ Ó KÓ JỌ

- Ẹ̀tọ́ alábòójútó lórí ẹ̀rọ náà, kí ẹ lè lo sudo.
- Kíbọọ̀dù àti mọ́nítọ̀ tí a so mọ́ ẹ̀rọ náà ní tààrà, bí ó bá ṣeé ṣe.
- Kọ̀ǹpútà kejì tí ara rẹ̀ dá, tí ó wà lórí switch kan náà.
- Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, Cat5e ó kéré tán.
- Àwọn ètò wọ̀nyí: ethtool, pciutils (inú rẹ̀ ni lspci wà), iperf3 àti tcpdump.
- Ìwé àti bírò.
- Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, tàbí èyí tí a ń ki bọ USB, fún ọjọ́ tí gbogbo ọgbọ́n bá pin.

Ẹ fi àwọn ètò wọ̀nyí sórí ẹ̀rọ náà nísinsìnyí tí ara rẹ̀ ṣì balẹ̀, nítorí pé lọ́jọ́ tí káàdì bá dákú tán, kò ní sí ọ̀nà tí ẹ ó gbà lọ kó wọn wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

ÌKÌLỌ̀ KÍ IṢẸ́ TÓ BẸ̀RẸ̀

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ewu mẹ́ta ni ó wà lójú ọ̀nà yìí.

Èkínní ni ewu ẹni tí ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Bí ẹ bá gba orí SSH wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ fẹ́ tún ṣe náà ni okùn tí ẹ rọ̀ mọ́. Bí ó bá já, ẹ ti bọ́ sóde nìyẹn. Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ náà tún ara rẹ̀ tan lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15:

sudo shutdown -r +15

Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ẹ fagi lé e pẹ̀lú «sudo shutdown -c». Bí ọ̀nà bá sì dí, ẹ̀rọ náà yóò tún ara rẹ̀ tan, àyípadà tí ẹ fi ethtool ṣe yóò pòórá, ẹ ó sì rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lo ọgbọ́n yìí lórí ẹ̀rọ tí àkójọ dátà pàtàkì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bí kò ṣe pé àwọn oníṣẹ́ ti gbọ́, tí wọ́n sì ti tọ́jú iṣẹ́ wọn.

Èkejì ni ewu kíkọ nǹkan sínú ìrántí káàdì fúnra rẹ̀, èyí tí a ń pè ní NVM. Níbẹ̀ ni àdírẹ́sì káàdì àti ètò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà. Ní ọdún 2008, nígbà tí wọ́n ń ṣe Linux 2.6.27 lọ́wọ́, àṣìṣe kan tí ó ti ẹ̀ka mìíràn nínú kernel wá, ìyẹn ftrace, kọ ìkọkúkọ sínú NVM àwọn káàdì e1000e, káàdì tí ó sì kàn kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: láti ìgbà náà ni dírẹ́bà e1000e ti ń ti ilẹ̀kùn NVM pa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi WriteProtectNVM=0 ṣí ilẹ̀kùn náà, tàbí kí ẹ fi «ethtool -E» kọ nǹkan sínú rẹ̀, ẹ má gbà. Kíkà rẹ̀ kò léwu. Ẹ kà á, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sórí ẹ̀rọ mìíràn (eno1 ni orúkọ ojú ìsopọ̀ káàdì; ìgbésẹ̀ kìíní yóò fi bí ẹ ó ṣe mọ tiyín hàn):

sudo ethtool -e eno1 > nvm-eno1.txt

Ẹ̀kẹta ni ewu iná mànàmáná. Bí ó bá di dandan pé kí ẹ ṣí àpótí ẹ̀rọ náà, ẹ pa á, kí ẹ sì fa wáyà iná rẹ̀ yọ kúrò lára ògiri, nítorí pé bí a tilẹ̀ pa á, iná díẹ̀ ṣì ń rìn nínú pátákó rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá wà níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà kí ẹ tó fọwọ́ kan káàdì.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: Ẹ MỌ ẸNI TÍ Ń ṢÀÌSÀN

Gbogbo alángbá ni ó dànú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Káàdì tí kò dára, wáyà tí ó ti já nínú, switch tí ó ti gbó, ohun kan náà ni ẹni tí ń lo fáìlì máa ń rí: nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ẹ wo irú káàdì tí ẹ ní àti dírẹ́bà tí ń darí rẹ̀:

lspci -nnk | grep -iA3 ethernet
ethtool -i eno1

Ẹ fi orúkọ ojú ìsopọ̀ tiyín dípò eno1 jálẹ̀ orí ìwé yìí. Àṣẹ «ip link» yóò fi orúkọ náà hàn yín. Bí dírẹ́bà kì í bá ṣe e1000e, ẹ dúró níbí: àbùkù káàdì mìíràn ní ìwòsàn tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ e1000e, ẹ kọ orúkọ káàdì, nọ́ńbà bus-info àti nọ́ńbà kernel (tí «uname -r» yóò fi hàn) sínú ìwé yín.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: Ẹ KA ÀKỌSÍLẸ̀ KERNEL

sudo journalctl -k | grep -iE "e1000e|watchdog"

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá ni «Detected Hardware Unit Hang». Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí àwọn nọ́ńbà bíi TDH àti TDT. Lẹ́yìn náà, ó lè jẹ́ «NETDEV WATCHDOG» tàbí «Reset adapter unexpectedly» ni yóò tẹ̀ lé e.

Káàdì dà bí alárù tí dírẹ́bà ń to ẹrù sílẹ̀ fún ní ìlà: TDT ni ibi tí dírẹ́bà to ẹrù dé, TDH sì ni ibi tí káàdì gbé ẹrù dé. Bí TDT bá wà níwájú, tí TDH sì dúró gbagidi sójú kan nínú ìròyìn kan dé èkejì, a jẹ́ pé káàdì ti dákú pẹ̀lú ẹrù nílẹ̀. Kernel yóò dúró díẹ̀, yóò sì ta á jí nípa títún un bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń lọ tí ó sì ń padà.

Bí ó bá jẹ́ «Link is Down» nìkan ni ẹ rí, tí kò sí Hardware Unit Hang lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fura sí wáyà àti switch. Ṣùgbọ́n bí Hardware Unit Hang bá wà níbẹ̀ léraléra, àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: Ẹ DÁ WÁYÀ ÀTI SWITCH LÁRE TÀBÍ LẸ́BI

ethtool -S eno1 | grep -i crc

Bí iye rx_crc_errors bá ń gun òkè, ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí kò bá tilẹ̀ gun òkè, ẹ ṣì pààrọ̀ wáyà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ihò mìíràn lára switch, nítorí pé kò náni ní nǹkan, ó sì ń mú iyèméjì kúrò.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: Ẹ MÚ KÍ ÀÌSÀN NÁÀ FARA HÀN

A kò lè sọ pé a ti gba ẹ̀gbẹ́ àbùkù kan kọjá bí a kò bá mọ bí a ṣe ń rí i. Lórí kọ̀ǹpútà kejì, ẹ tẹ «iperf3 -s». Lórí ẹ̀rọ tí ń ṣàìsàn, ẹ tẹ èyí, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà kejì sí ipò rẹ̀:

iperf3 -c 192.168.1.20 -t 600

Ẹ má ṣe pa ipò méjèèjì dà. Fífi ránṣẹ́ ni ó ń dá káàdì yìí kú, kì í ṣe gbígbà, ẹni tí ó bá sì lo «-c» ni ó ń fi dátà ránṣẹ́. Lórí ìsopọ̀ gígábíìtì tí ara rẹ̀ le, ìyára yóò súnmọ́ 940 Mbit/s. Ẹ ṣí terminal kejì sílẹ̀ pẹ̀lú «sudo journalctl -kf», kí ẹ lè rí i bí káàdì bá dákú. Bí iperf3 kò bá dá a kú, ẹ dúró de iṣẹ́ tí ó máa ń dá a kú gan-an, ìbáà ṣe fífi ẹ̀dà fáìlì pamọ́ lóru tàbí gbígbé fídíò ńlá, kí ẹ sì kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: Ẹ GBÉ IṢẸ́ GÍGÉ KÚRÒ LỌ́WỌ́ KÁÀDÌ

Iṣẹ́ tí ó sábà máa ń dá káàdì wọ̀nyí kú ni èyí tí à ń pè ní TSO. Dípò kí kernel fúnra rẹ̀ gé dátà sí wẹ́wẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gbé, yóò kó odindi rẹ̀, tí ó lè tó 64 KB, lé káàdì lọ́wọ́, káàdì ni yóò sì gé e sí bí 45 pákẹ́ẹ̀tì. Ẹ gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀:

sudo ethtool -K eno1 tso off

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtìjú ni èyí. Àwọn tí ń kọ dírẹ́bà náà gan-an ti ṣe irú rẹ̀: nígbà tí wọ́n rí i pé I219 lè kún àkúnwọ́sílẹ̀ bí ìbéèrè tí ó ń fi ránṣẹ́ sí ìrántí kọ̀ǹpútà bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dín ìbéèrè náà kù, ìyára káàdì sì já wálẹ̀ ní bí ìdá 30 nínú 100, pípa TSO ni wọ́n fi gba ìyára náà padà. Lórí kọ̀ǹpútà òde òní, wàhálà tí èyí ń kó bá CPU kò tó nǹkan ní ìyára gígábíìtì kan.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: Ẹ FOJÚ ARA YÍN RÍ I

ethtool -k eno1 | grep tcp-segmentation-offload
sudo tcpdump -ni eno1 -c 5 src host 192.168.1.10 and greater 1520

Àṣẹ kìíní gbọ́dọ̀ dáhùn «off». Àṣẹ kejì, tí ẹ ó fi àdírẹ́sì ẹ̀rọ tí ń ṣàìsàn sí, ń wá pákẹ́ẹ̀tì tí ó tóbi ju èyí tí wáyà lè gbé lọ. Bí iperf3 bá ń sáré lọ́wọ́, tí tcpdump kò sì rí ẹyọ kan, kernel ti gba iṣẹ́ gígé náà. Bí ẹ bá ń lo MTU (ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tí ó tóbi jù lọ) ńlá bíi 9000, àyẹ̀wò kejì yìí kò bá yín mu.

Ẹ tún ìdánwò ìgbésẹ̀ kẹrin ṣe, pẹ̀lú ẹrù kan náà, fún àkókò tí ó gùn ju ti ìṣáájú lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni káàdì máa ń dákú, ẹ má fi ìdánwò ìṣẹ́jú 10 kéde ìṣẹ́gun.

ÌGBÉSẸ̀ KEJE: BÍ KÁÀDÌ BÁ ṢÌ Ń DÁKÚ

Ẹ máa gbìyànjú ìwọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dán an wò lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó bọ́ sí èkejì.

Àkọ́kọ́, «sudo ethtool -K eno1 gso off», èyí tí ó kan ọ̀nà tí kernel fúnra rẹ̀ ń gbà gé dátà.

Lẹ́yìn náà, «sudo ethtool --set-eee eno1 eee off», èyí tí kò ní jẹ́ kí káàdì àti switch máa tòògbé láti fi iná pamọ́. Ìsopọ̀ lè já fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́; ẹ rántí ìkìlọ̀ kìíní.

Ní ìkẹyìn, ASPM, ìtòògbé ojú ọ̀nà PCIe. Káàdì tí ó dá dúró bíi 82574L ni èyí kàn. I219 wà nínú chipset, kò sì kàn án. Ẹ fi bus-info tí ẹ ti kọ sílẹ̀ wò ó:

sudo lspci -vv -s 03:00.0 | grep -i aspm

Dírẹ́bà fúnra rẹ̀ máa ń gbìyànjú láti pa ASPM lórí 82574L. Bí LnkCtl kò bá sọ pé «ASPM Disabled», ẹ pa á láti inú BIOS. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé pcie_aspm=off ní ìlà ìbẹ̀rẹ̀ kernel ni yóò pa á; bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ó ń sọ fún kernel ni pé kí ó má fọwọ́ kan ètò tí BIOS ti ṣe, nítorí náà, bí BIOS bá ti tan án, títàn ni yóò wà. Ní ti pcie_aspm=force, ẹ sá fún un.

ÌGBÉSẸ̀ KẸJỌ: Ẹ JẸ́ KÍ ÀTÚNṢE NÁÀ DÚRÓ

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àyípadà tí a fi «ethtool -K» ṣe kì í kọjá ìgbà tí a bá tún ẹ̀rọ tan. Àǹfààní ni èyí jẹ́ nígbà ìdánwò, ṣùgbọ́n àkóbá ni lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fagi lé àṣẹ shutdown tí ẹ pa, bí ó bá ṣì wà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, nítorí náà, ẹ yan èyí tí ó bá ẹ̀rọ yín mu.

Bí NetworkManager bá ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, ẹ fi «nmcli connection show» mọ orúkọ ìsopọ̀, kí ẹ tó tẹ:

sudo nmcli connection modify "ORÚKỌ" ethtool.feature-tso off
sudo nmcli connection up "ORÚKỌ"

Lórí Debian tàbí Proxmox tí ń lo /etc/network/interfaces, ẹ fi ìlà yìí sábẹ́ iface eno1:

post-up /usr/sbin/ethtool -K eno1 tso off

Ẹ tún ẹ̀rọ tan ní àkókò tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, kí ẹ sì tún «ethtool -k» wò. Èyí tí ẹ kò bá yẹ̀ wò lẹ́yìn títan, ẹ má ṣe kà á mọ́ èyí tí ó ti dúró.

ÀWỌN ÀṢÌṢE TÍ Ó WỌ́PỌ̀

Pípa gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan a máa kó rx, tx, sg, tso, gso àti gro pọ̀ sínú àṣẹ kan, wọn a sì pa gbogbo rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀rọ yóò máa ṣe làálàá lásán, ẹ kò ní mọ èyí tí ó wo àìsàn náà sàn láéláé.

Fífi àṣẹ ránṣẹ́ sí ojú ìsopọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Lórí Proxmox, àdírẹ́sì IP máa ń wà lórí afárá vmbr0, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì pa TSO lórí vmbr0. Afárá kò ṣàìsàn. Ọmọ ìka tí ó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú: eno1, káàdì gidi tí ó wà lábẹ́ afárá, ni kí ẹ pàṣẹ fún.

Kíkọ fáìlì .link tí kò pé. Àwọn tí ń lo systemd lè kọ TCPSegmentationOffload=false sínú fáìlì .link, ṣùgbọ́n fáìlì kan ṣoṣo, èyí tí ó bá kọ́kọ́ bá káàdì mu, ni systemd ń lò. Bí ẹ kò bá kọ NamePolicy sínú tiyín, orúkọ káàdì lè yí padà lẹ́yìn títan, gbogbo ètò tí ó so mọ́ orúkọ àtijọ́ yóò sì já.

Gbígba dírẹ́bà lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Dírẹ́bà ń ṣiṣẹ́ nínú ọkàn kernel gan-an, kò sí ohun tí kò lè fọwọ́ kàn. Inú ìpínkiri Linux yín tàbí ọ̀dọ̀ Intel nìkan ni kí ẹ ti gbà á.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A DÁWỌ́ DÚRÓ

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí káàdì ṣì ń dákú, tàbí tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ náà gbé ẹ̀mí ènìyàn tàbí owó olówó dání, ẹ má ṣe máa bá a fà á. Ẹ pa káàdì náà nínú BIOS, kí ẹ sì fi òmíràn sí i. Iye owó káàdì kò tó iye wákàtí tí ẹ ó pàdánù. Ẹ rántí pé káàdì tuntun yóò wá pẹ̀lú orúkọ tuntun, bíi enp3s0, nítorí náà ẹ tún gbogbo fáìlì tí ó dárúkọ eno1 kọ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ náà, pàápàá bí ó bá wà níbi tí ọwọ́ yín kò tó.

Bí àtúnṣe bá sì ṣiṣẹ́, ẹ kọ ohun tí ẹ pa, ọjọ́ tí ẹ pa á, ìdí rẹ̀ àti nọ́ńbà kernel sínú fáìlì ètò náà gan-an, lẹ́yìn àmì #, kí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín má baà rò pé ẹnìkan gbàgbé nǹkan síbẹ̀ kí ó sì yọ ọ́. Nígbàkígbà tí kernel bá yí padà, ẹ tún ìdánwò ìgbésẹ̀ kẹrin ṣe pẹ̀lú àtúnṣe náà lórí, kí ẹ tó dá ẹ̀rọ padà fún àwọn oníṣẹ́.